Ajá Tó Sọnù

Góòlù mẹ́ta ti wọ àwọ̀n Yunáítẹ́ẹ̀dì kí àbọ̀ eré tó pé.
Àwọn ọmọ Àsẹ́nà ń jó lórí bẹ́ǹṣì Múfútáù,
lẹ́yìn Sítéṣọ̀n, l'Ọ́fà.
Wọ́n ní kí n dìde, kí n lọ sùn,
wọ́n ní ẹgbẹ́ mi ti di arúgbó aláìléyín.
N kò fèsì. Nǹkan tó so mí mọ́ ọn kì í ṣe góòlù.

Bàbá mi, Láwàní Oníbíréèkì,
kò fẹ́ràn Yunáítẹ́ẹ̀dì nítorí ife-ẹ̀yẹ.
Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi ń fi òòlù lu ẹsẹ̀ wágùnù,
tí ń tẹ́tí sí i bí ẹni ń gbọ́ àyà aláìsàn.
Gírísì kò tán lábẹ́ èékánná rẹ̀,
títí kan ọjọ́ Iléyá,
títí kan ọjọ́ tí a wẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn.

Tíṣà Bámigbọ́lá, ará Ìgbàjà, ayálégbé wa,
ló ka ìwé ìròyìn kan tó ti fàya fún un lálẹ́ ọjọ́ kan,
tí mo ń ṣe bí ẹni tó ti sùn:
pé ní ọdún 1878, ní ìlú òtútù tí à ń pè ní Mansẹ́sítà,
àwọn tí ń kan kọ̀ọ̀ṣì, tí ń tún wágùnù ṣe,
ni wọ́n kó ara wọn jọ lẹ́yìn iṣẹ́,
tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹrẹ̀ tí ń mu bàtà.
Niútìn Híìtì lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́.
Ẹ̀wù wọn kì í ṣe pupa:
aláwọ̀ ewé lápá kan, wúrà lápá kejì.

"Rélùwéè?" Bàbá dìde lórí ẹní.
"Tíṣà, tún ibẹ̀ kà."
Ó tún un kà. Ó tó ìgbà mẹ́fà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Láàárọ̀, ó di ọ̀dọ̀ Kàmọ́rù télọ̀,
tòun ti aṣọ ewé yáàdì kan, òfeefèé yáàdì kan
(wúrà kò sí lọ́jà Ọ̀wọdé).
Àwọn aládùúgbò ní ó ti wọ ẹgbẹ́ òṣèlú.

Ibi gbèsè ló fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà.
Gbèsè wọ ẹgbẹ́ lọ́rùn,
àgádágodo dé ẹnu géètì pápá,
ó ku díẹ̀ kí orúkọ náà di "nígbà kan rí".
Àfi ajá.
Ajá ńlá onírun jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ kan
tí wọ́n so àpótí mọ́ lọ́rùn láti fi tọrọ owó fún ẹgbẹ́,
ló ṣìnà (wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi kò sí níbẹ̀),
ó rìn bọ́ sọ́wọ́ olówó kan tí ń pọn bíà.
Ọ̀rọ̀ ajá di ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù di owó,
wọ́n san gbèsè, ẹ̀wù di pupa,
ní 1902, ọmọ tó kú tó jí gba orúkọ tuntun.

Bàbá máa ń rẹ́rìn-ín tó bá dé ibẹ̀.
Kò rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà tí ọkọ̀ ojú irin tiwa dákẹ́.
Koríko bo irin. Ewúrẹ́ bímọ síbi tí èrò ń dúró sí.
Owó ìfẹ̀yìntì di "ẹ padà wá lóṣù tó ń bọ̀",
Ìlọrin ní kó lọ Èkó, Èkó ní Ìlọrin ni fáìlì wà.
Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó jókòó sórí wágùnù tó ti dógùn-ún,
nínú ẹ̀wù aláwọ̀ méjì yẹn, ó wo ọ̀nà Ìkìrun títí,
ó ní, "Ta ni ajá rẹ̀ máa sọnù fún tiwa?"

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà.
A mọ ẹni tó ṣubú, a mọ ẹni tó dá a.
Ta ní í bá fáìlì jà?

Góòlù kẹrin wọlé. Mo rìn wálé.
Ẹ̀wù náà ṣì wà lórí ìṣó,
òfeefèé rẹ̀ ti ṣá.
Ọmọ mi, Ràímì, ní èyí kì í ṣe ẹ̀wù Yunáítẹ́ẹ̀dì.
Mo ní kó jókòó. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí òòlù,
ó ń tòògbé títí mo fi dé ibi ajá.
Ó lajú: "Kí lorúkọ ajá yẹn?"

Bàbá kò sọ fún mi. Tíṣà ti kú.
Bóyá ibẹ̀ gan-an ni ìwé náà ti fàya.